Ìmọ́lẹ̀ Ni Ẹlẹ́rìí: Bí Àwọn Awòràwọ̀ Ṣe Ń Pín Ìràwọ̀ Tó Bú Gbàmù

Ní ọdún 1941, Rudolph Minkowski, ọmọ Jámánì tó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, tẹ́ àkọsílẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́rìnlá tó ti bú gbàmù síwájú ara rẹ̀ ní ibùdó ìwòràwọ̀ Mount Wilson ní ìpínlẹ̀ California, ó sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Mẹ́sàn-án nínú wọn jọra gan-an, kò sì sí àmì háídrójìn, èròjà tó fúyẹ́ jù lọ láyé, nínú ìmọ́lẹ̀ wọn. Márùn-ún yòókù yàtọ̀ pátápátá sí wọn, háídrójìn sì hàn gbangba lára wọn. Ó pe àwọn mẹ́sàn-án ní Ọ̀wọ́ Kìíní, ó pe àwọn márùn-ún ní Ọ̀wọ́ Kejì, ó sì sọ pé orúkọ ìgbà díẹ̀ ni. Kò fi ohun tó mú kí ìràwọ̀ bú gbàmù ṣe ìpìlẹ̀ ìpín náà, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dájú nígbà yẹn. Ohun tó rí ló fi pín wọn. Orúkọ ìgbà díẹ̀ ọ̀hún ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, òun náà ni àwọn awòràwọ̀ káàkiri ayé ṣì ń lò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ẹ̀kọ́ yìí pàdé ló máa ń ráhùn pé orúkọ náà ń ṣini lọ́nà, nítorí kò bá ohun tó fa ìbúgbàmù mu. Ẹjọ́ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo sì máa tú u wò. Síbẹ̀, ọ̀nà tí Minkowski gbà ni mo fara mọ́: ká kọ́kọ́ fi ohun tí ìmọ́lẹ̀ fi hàn sọ ìràwọ̀ lórúkọ, ká tó máa wádìí ohun tó pa á. Ohun tí a ti mọ̀ láti ìgbà náà wá, títí kan èyí tó dà bíi pé ó tako ọ̀nà yìí, ló ń tì í lẹ́yìn.

Ìràwọ̀ tó bú gbàmù lọ́nà yìí ni à ń pè ní supernova. Walter Baade àti Fritz Zwicky, tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ ní California, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ ní ọdún 1934, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìràwọ̀ tó kàn máa ń tàn yòò fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n á tún padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo tó bú báyìí lè mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo agbo ìràwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dọ́gba, agbo tí iye ìràwọ̀ inú rẹ̀ lè lé ní bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará Ṣáínà kọ ti ọdún 1054 sílẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni àwọn fi rí i ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1604, ìyẹn ọdún márùn-ún kí Galileo tó gbé awò kọjú sí òfuurufú, kò tíì sí ẹni tó tún fi ojú lásán rí supernova dájúdájú nínú agbo ìràwọ̀ tiwa. Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ nínú àwọn tí a fi ojú lásán rí dájúdájú láti ìgbà náà, tó yọ ní oṣù kejì ọdún 1987, wà nínú agbo kékeré kan tó múlé gbè wá, jíjìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 168,000. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn ní ọdún kan, nǹkan bíi tírílíọ̀nù mẹ́sàn-án àtààbọ̀ kìlómítà. Kò sí ẹni tó lè lọ síbẹ̀ lọ bu eérú rẹ̀ wá. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹlẹ́rìí tí a ní.

Ẹlẹ́rìí yìí sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Bí a bá gba ìmọ́lẹ̀ kọjá lára gíláàsì onígun mẹ́ta, tàbí lára ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń tú sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, láti búlúù títí dé pupa. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àtẹ àwọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1859, ní ìlú Heidelberg ní Jámánì, Gustav Kirchhoff àti Robert Bunsen fi hàn pé èròjà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ìlà tirẹ̀ lórí àtẹ yìí, tí kò bá ti èròjà mìíràn mu. Ibi tí háídrójìn bá wà, ìlà háídrójìn á hàn. Ibi tí sílíkọ́nì, èròjà tó pọ̀ nínú iyanrìn, bá wà, ìlà tirẹ̀ náà á hàn. Lára supernova, àwọn ìlà yìí kì í tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó tú jáde lára ìràwọ̀ náà ń sáré tó nǹkan bíi 10,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, apá tó kọjú sí wa sì ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ìlà á gbòòrò, á sì sún sí ìhà búlúù. Ìlà sílíkọ́nì tó yẹ kó wà ní nánómítà 635 ni a máa ń bá ní nǹkan bíi 615. Awòràwọ̀ tó mọ iṣẹ́ á ka èròjà láti ara ìlà, á sì ka eré tí èròjà náà ń sá láti ara bó ṣe gbòòrò tó àti bó ṣe sún tó. Kò tíì sọ ìdí tí ìràwọ̀ fi kú, ó ṣì ń ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi supernova tuntun kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti Minkowski: ṣé háídrójìn wà? Bó bá wà, Ọ̀wọ́ Kejì ni. Bí kò bá sí, Ọ̀wọ́ Kìíní ni, a ó sì tún wò ó bóyá ìlà sílíkọ́nì tí mo sọ yẹn jinlẹ̀ lára rẹ̀ ní ìgbà tó mọ́lẹ̀ jù. Bó bá jinlẹ̀, Ia là ń pè é. Bí kò bá sí, tí hílíọ́mù sì hàn, Ib ni. Bí hílíọ́mù náà kò bá sí, Ic ni. Ìgbà tí ọdún 1980 wọlé tán ni ìpín tó kẹ́yìn yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, wọ́n kàn máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan pé Ọ̀wọ́ Kìíní tí kò rí bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àfi ìgbà tí àwọn bíi SN 1983N àti SN 1984L mú un dá wọn lójú pé hílíọ́mù ló wà níbẹ̀, pé irú mìíràn gbáà ni. Ní ti Ọ̀wọ́ Kejì, kì í ṣe àtẹ àwọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 1979, àwọn onímọ̀ ní Asiago ní ilẹ̀ Ítálì pín in nípa bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀: IIP máa ń dúró sójú kan fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó já wálẹ̀, IIL máa ń lọ sílẹ̀ láìdúró. Ó tún kan IIn, tí ìlà háídrójìn tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àti IIb, tí màá padà sórí rẹ̀ torí pé òun gan-an ló mú àríyànjiyàn tó dáa jù lọ wá.

Nígbà tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wà nílẹ̀, ìmọ̀ nípa ohun tó ń pa ìràwọ̀ wá dé, ó sì bá ìlà mìíràn pín wọn. Ọ̀nà méjì gbòógì ni ìràwọ̀ ń gbà bú gbàmù. Ọ̀nà kan jẹ́ ti àwọn ìràwọ̀ ńlá, tí ìwọ̀n wọn ju ti oòrùn wa lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Inú wọn ń sun háídrójìn di hílíọ́mù, ó ń sun hílíọ́mù di kábọ́nì àti ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan irin. Irin kì í fún iná ìràwọ̀ ní agbára kankan mọ́. Nígbà tí irin bá pọ̀ tó láàárín ìràwọ̀, kò ní sí ohun tí yóò dá agbára òòfà dúró, àárín náà á sì wó lulẹ̀ sínú ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, á di ìràwọ̀ nútírọ̀n tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ, tàbí kó di ihò dúdú. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti aràrá funfun, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tó kéré, tó dì gan-an, tó kún fún kábọ́nì àti ọ́síjìn. Subrahmanyan Chandrasekhar, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà, ti ṣírò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 pé ìwọ̀n irú òkú yìí kò lè ju ti oòrùn lọ ní ìlọ́po 1.4 kó ṣì dúró. Bí ó bá rí oúnjẹ kún ara rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ tó ń bá a rìn, iná lè sọ nínú rẹ̀, kó jó o tán pátá láìṣẹ́ ku ohunkóhun. Ia ni ti aràrá funfun. Gbogbo Ọ̀wọ́ Kejì, àti Ib, àti Ic, ti ìràwọ̀ ńlá ni wọ́n.

Ẹ̀rí tó wà fún èyí kì í ṣe àbá lásán, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rí kan ni ibi tí a ti ń rí wọn. Ìràwọ̀ ńlá kì í pẹ́ láyé. Mílíọ̀nù ọdún mélòó kan sí mílíọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá ọdún ló ń lò, nígbà tí oòrùn wa á lo tó bílíọ̀nù mẹ́wàá. Nítorí náà, ìràwọ̀ ńlá ń kú sítòsí ibi tí wọ́n bí i sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ọ̀wọ́ Kejì, Ib àti Ic ṣe máa ń hàn: ibi tí ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde ni a ti ń bá wọn. Ia nìkan ló tún máa ń bú déédéé nínú àwọn agbo àtijọ́ tí kò bí ìràwọ̀ mọ́ láti bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rí mìíràn wá ní ọdún 1987. Wákàtí mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rí ìmọ́lẹ̀ supernova ọdún náà, ẹ̀rọ Kamiokande ní ilẹ̀ Japan gba nútírínò mọ́kànlá, ẹ̀rọ IMB ní Ohio gba mẹ́jọ. Nútírínò jẹ́ ohun tíntìntín tó ń la ayé kọjá láìfara kan nǹkan, òun ló sì yẹ kó kó èyí tó pọ̀ jù nínú agbára jáde bí àárín ìràwọ̀ bá wó. Àwòrán àtijọ́ náà fi ìràwọ̀ tó kú hàn: òmìrán aláwọ̀ búlúù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sanduleak -69 202, kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ní ti Ia, ẹ̀rí tó lágbára wá ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ẹ̀rọ Palomar ní California rí SN 2011fe nínú agbo M101 láàárín wákàtí díẹ̀ tó bú, ní ọ̀nà tó jìn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mọ́kànlélógún ọdún ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ fi hàn pé ìràwọ̀ tó bú kéré jọjọ sí oòrùn, irú kékeré tó jẹ́ pé aràrá funfun nìkan ló lè rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ àwọn aláròyé ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí. Ib àti Ic ń jẹ́ orúkọ mọ́ Ia, bẹ́ẹ̀ ìbátan wọn ni Ọ̀wọ́ Kejì. Ohun tó yà wọ́n kò ju pé aṣọ òde ti bọ́ lára wọn kí wọ́n tó kú. Ẹ wo àgbàdo tútù: kí a tó fọwọ́ kàn án, háríhá ló bò ó, bí a bá ṣí háríhá, ọmọ rẹ̀ á hàn, bí a bá yin ọmọ náà tán, ṣùkù ló kù, àgbàdo kan náà sì ni. Háídrójìn ni háríhá ìràwọ̀ ńlá, hílíọ́mù ló tẹ̀ lé e, kábọ́nì àti ọ́síjìn wà nísàlẹ̀ wọn. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ara ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè gbá háídrójìn lọ, tàbí kí ìràwọ̀ tó ń bá a rìn fà á mọ́ra. Èyí tí háídrójìn rẹ̀ ṣì pé ń kú bí Ọ̀wọ́ Kejì, èyí tó pàdánù háídrójìn ń kú bí Ib, èyí tó pàdánù hílíọ́mù náà ń kú bí Ic. Ikú kan náà ló pa gbogbo wọn. Ṣé kò wá yẹ kí a yí orúkọ padà, ká pe gbogbo àwọn tí àárín wọn wó ní orúkọ kan, ká sì pe ti aràrá funfun ní orúkọ mìíràn?

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tó tóbi jù sì wà lára Ia fúnra rẹ̀. A mọ̀ pé aràrá funfun ló ń bú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀ ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fi ayé wọn ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn kan ní ìràwọ̀ lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ títí á fi kún. Àwọn kan ní aràrá funfun méjì ló ń yí ara wọn ká tí wọ́n á fi kọlu ara wọn. Àwọn mìíràn ní iná hílíọ́mù lórí awọ ara rẹ̀ ló ń gbún inú rẹ̀ pa, kó tilẹ̀ tó dé ìwọ̀n tí Chandrasekhar ṣírò. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ikú là ń pè, Ia ì bá ti pààrọ̀ orúkọ lọ́pọ̀ ìgbà, àkọsílẹ̀ ọdún 1970 kò sì ní ṣeé fi wé ti òní láìṣe pé a kọ́kọ́ bi òǹkọ̀wé rẹ̀ léèrè ohun tó gbà gbọ́ nígbà náà. Ìlà sílíkọ́nì kò bá wọn dá sí ìjà yìí. Ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn lórí ohun tó fà á lè fi ìka kan ohun kan náà pé èyí là ń sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2008 fi agbára ọ̀nà yìí hàn ju àlàyé èyíkéyìí lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1572, ìràwọ̀ tuntun kan yọ nínú àwọn ìràwọ̀ Cassiopeia, Tycho Brahe ará Denmark sì wò ó, ó wọn ipò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó kọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó sílẹ̀. Kò sí awò awọ̀nàjíjìn nígbà náà, àtẹ àwọ̀ náà ṣì jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú Tycho ti lọ, a kò lè pè é padà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan náà ti gba ọ̀nà mìíràn lọ bá ìkùukùu eruku kan tó wà lójú sánmà, ó kọlù ú, ó sì darí sọ́dọ̀ wa, bí gbohùngbohùn ṣe máa ń ṣe. Ọ̀nà tó gbà yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ní 2008, Oliver Krause àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò Subaru tó wà ní Hawaii gbà á, ọdún 436 lẹ́yìn Tycho, wọ́n tú u sí àwọ̀, wọ́n sì bá ìlà sílíkọ́nì níbi tó yẹ kó wà. Ia ni, Ia tó mọ́ dáadáa. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ròyìn ìmọ́lẹ̀ tó darí láti ọ̀dọ̀ Cassiopeia A, tó ti bú ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, IIb sì ni tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti parí ìjà lórí ohun tó ń fa Ia kí ó tó mọ ìdílé tí ìràwọ̀ Tycho ti wá.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń sọni lórúkọ, kí la ó ṣe nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà? SN 1993J, tó yọ nínú agbo M81 ní oṣù kẹta ọdún 1993, kọ́kọ́ fi háídrójìn hàn, wọ́n sì pè é ní Ọ̀wọ́ Kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, háídrójìn ń pòórá, hílíọ́mù ń yọ, ó wá ń jọ Ib. SN 2014C ṣe é lódìkejì: Ib ni nígbà tí wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún kan, háídrójìn ti kún inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó ti di IIn. Bí ènìyàn bá ń wá orúkọ tí yóò dúró sójú kan títí ayé, irú nǹkan báyìí á bí i nínú. Èmi ń wò ó lọ́nà mìíràn. Ìyípadà yẹn gan-an ló sọ ìtàn ìràwọ̀ náà. Ti 1993J sọ fún wa pé háídrójìn tó kù lára rẹ̀ kò nípọn rárá, nítorí náà ó tú ká kíákíá tí ohun tó wà nísàlẹ̀ sì hàn. Nígbà tó yá, àwọn awòràwọ̀ rí àmì ìràwọ̀ kejì ní ibẹ̀, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fa háídrójìn náà mọ́ra. Ti 2014C sọ fún wa pé ìràwọ̀ náà ti bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́ kó tó kú, aṣọ náà sì wà lọ́nà jíjìn níbi tí ohun tó tú jáde ti wá lọ bá a. Ká ní orúkọ tó dá lórí ohun tó fa ikú la fún wọn, "àárín rẹ̀ wó" ni à bá kọ sí iwájú méjèèjì, a kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. IIb tí a fún 1993J ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ síbì kan, ó sì parí síbòmíràn.

Mo gbà pẹ̀lú àwọn alátakò pé ó yẹ kí a máa kọ ọjọ́ mọ́ orúkọ. SN 2023ixf, tí Koichi Itagaki rí láti ilẹ̀ Japan ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ péré, kí ìlà náà tó pòórá, kó sì máa ṣe bí Ọ̀wọ́ Kejì yòókù. Ẹni tó bá wò ó ní ọjọ́ kejì àti ẹni tó bá wò ó ní oṣù kejì kò ní rí ohun kan náà, àwọn méjèèjì kò sì parọ́. Mo tún gbà pé IIn jẹ́ orúkọ tó ṣòro díẹ̀, torí àyíká ìràwọ̀ ló ń ṣàpèjúwe ju ìbúgbàmù fúnra rẹ̀ lọ. SN 2002ic ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n: háídrójìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, Ia ló ń yọjú. Aràrá funfun ló bú sínú háídrójìn tí ẹlòmíràn tú sílẹ̀ yí i ká. Síbẹ̀, báwo ni a ṣe mọ̀ pé ohun tó ṣàjèjì ni? Nítorí pé IIn àti Ia ti ní àmì tó ṣe kedere tẹ́lẹ̀, a sì bá àmì méjèèjì lójú kan.

Àtakò kẹta ni pé orúkọ ti pọ̀ jù. Ó ti wá kan Iax, tí SN 2002cx jẹ́ àwòkọ́ṣe rẹ̀, ó kan Ibn, ó kan Icn, ó kan àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn ga ju ti gbogbo ẹgbẹ́ wọn lọ. Níbí, mo fara mọ́ àwọn alátakò dé ibi kan. Fífi ohun tí a rí sọni lórúkọ kò sọ pé gbogbo ohun tó bá yàtọ̀ díẹ̀ ló yẹ kó ní orúkọ. Zwicky fúnra rẹ̀ dá Ọ̀wọ́ Kẹta, Kẹrin àti Karùn-ún sílẹ̀ láti ara supernova tí iye wọn kò tó nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń lo orúkọ wọ̀nyẹn mọ́. Ọ̀kan lára wọn, tó yọ ní 1961, ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí bóyá ìràwọ̀ náà tilẹ̀ kú. Ààlà IIP àti IIL náà kò dúró bí ògiri mọ́. Bí iye tí a rí ti ń pọ̀ sí i, àwọn tó wà láàárín méjèèjì ń yọjú. Orúkọ tó yẹ kó dúró ni èyí tó ní ìlà lórí àtẹ àwọ̀ tí ẹlòmíràn lè lọ wò, tí àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ti pọ̀ tó. Èyí tí a fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan gé ààlà rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tó dúró lórí ààlà náà.

Bóyá ẹnìkan á béèrè pé kí ni gbogbo àríyànjiyàn orúkọ yìí ṣe fún aráyé. Ìdáhùn rẹ̀ tóbi. Ní ọdún 1993, Mark Phillips fi hàn pé Ia tó mọ́lẹ̀ jù ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó lọ sílẹ̀, nítorí náà bí a bá wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀, a lè mọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó gan-an, ká sì fi ìyẹn ṣírò bó ṣe jìnnà sí wa tó. Ní 1998, ẹgbẹ́ méjì fi Ia wọn ọ̀nà tó jìn gidigidi, wọ́n bá wọn pé wọ́n ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì rí i pé fífẹ̀ àgbáálá ayé ń yára sí i ni, kò falẹ̀. Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2011. Ká ní wọn kò tíì yọ Ib àti Ic kúrò lára Ọ̀wọ́ Kìíní ní ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ṣáájú, àwọn tí kì í sábà mọ́lẹ̀ tó Ia yìí ì bá ti wà nínú ìwọ̀n náà, ṣíṣókùnkùn wọn ì bá sì ti jọ jíjìn. Ìlà sílíkọ́nì ló sé ọ̀nà mọ́ wọn. Àwọn Ia yìí kan náà ló tún tú irin púpọ̀ jáde: ìmọ́lẹ̀ wọn ń wá láti ara níkẹ́lì tó ń di kóbáltì, tí kóbáltì sì ń di irin láàárín oṣù mélòó kan. Púpọ̀ nínú irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tó sì wà lára àdá àti ọkọ́, ti inú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, nígbà tí ọ́síjìn tí à ń mí ti inú ìràwọ̀ ńlá wá.

Iṣẹ́ yìí ti wá dé oríta tuntun. Ibùdó ìwòràwọ̀ Vera C. Rubin tó wà lórí òkè Cerro Pachón ní ilẹ̀ Chile gbé àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025, a sì ń retí pé yóò rí supernova tó tó mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò sí bí àwọn awò tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ ṣe lè yẹ gbogbo wọn wò. Díẹ̀ ni wọ́n lè ṣe. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ dá ọ̀wọ́ wọn mọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti fi àwọn tí a ti rí àtẹ àwọ̀ wọn kọ́ ọ. Àwọn kan ti ń sọ pé a kò nílò ìlà Minkowski mọ́. Mo rò pé ìgbà yìí gan-an la nílò rẹ̀ jù, nítorí kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ju ohun tí a fi kọ́ ọ lọ, èyí tí a sì fi ń kọ́ ọ sábà máa ń jẹ́ àwọn tó sún mọ́ wa, tó sì mọ́lẹ̀ jù. Bó bá pàdé irú èyí tí kò rí rí, orúkọ ẹni tó mọ̀ ni yóò máa pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà ní irinṣẹ́ tó lè ṣèrànwọ́ níbẹ̀: awò SALT ní Sutherland ní South Africa, tí gíláàsì rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mọ́kànlá, ti ń pín supernova sí ọ̀wọ́ láti ọdún pípẹ́, ojú sánmà gúúsù tí Rubin ń wò lòun náà sì ń wò. Àkókò rẹ̀ kò yẹ kó tán sórí àwọn tó tàn jù nìkan. Kí apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò dá kọ̀ǹpútà lójú, kí apá kan sì lọ sọ́dọ̀ mélòó kan tí a ṣẹ́ kèké mú láàárín àwọn tó dá a lójú, kí a lè rí ibi tó ti ń ṣìnà láìmọ̀.